Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Onígbàgbọ́ Jáde Lọ Sí Ìta Láti Wá Ọlọ́run?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa ní Ogunu níhìn-ín nígbàkúùgbà tí oṣù bá ń parí lọ. Àwọn kan á ní àwọn ń lọ gbàdúrà ní orí òkè, ní Ìkéjì-Arákejì tàbí ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Wọn á dá owó ọkọ̀ jọ, wọn á di ẹrù, wọn á sì gba ọ̀nà Benin kọjá sí Ọ̀wọ̀ àti Àkúrẹ́. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn àgbà, á béèrè pé: Ọlọ́run tí ó wà lórí òkè Èkìtì, ṣé kò mọ ọ̀nà Warri ni? Àwọn tí ń lọ á dáhùn pé Olúwa wa fúnra Rẹ̀ gun òkè lọ gbàdúrà. Àwọn tí kò lọ á dáhùn pé Olúwa kan náà ni ó sọ fún obìnrin ará Samáríà létí kànga pé àkókò ń bọ̀ tí ìsìn Baba kò ní jẹ́ ti òkè kan mọ́. Ìhà méjèèjì ni ó ní Bíbélì lọ́wọ́, nítorí náà ariwo kì í tán.

Èmi kò fẹ́ ṣe onídàájọ́ láàárín wọn lójú ẹsẹ̀. Bí a bá ń jà lórí ibi tí a ó lọ, a lè gbàgbé láti béèrè ohun tí ìta gbangba ń ṣe fún ọkàn ènìyàn, àti bóyá ohun náà jẹ́ ti ìgbàgbọ́ tàbí ti afẹ́fẹ́ tútù lásán. Ọ̀rọ̀ náà sì kan àpò wa àti ilé wa. Owó ọkọ̀ kì í ṣe kékeré, ewu ọ̀nà ti pọ̀ sí i ní ìgbà tiwa, ìyàwó tàbí ọkọ tí a fi sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ fún ọjọ́ méje sì ní ohun tí ó ń sọ nígbà tí a kò sí nílé.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ baba wa Ábúráhámù. Ní orí kẹẹ̀ẹ́dógún ìwé Jẹ́nẹ́sísì, ó ń ṣàròyé pé òun kò ní ọmọ, àti pé ẹni tí a bí nínú ilé òun, tí kì í ṣe ọmọ òun, ni yóò jogún òun. Ọlọ́run kò parí ìdáhùn Rẹ̀ sínú ilé. Ó mú un jáde, Ó sì ní kí ó gbójú sókè ka ìràwọ̀ bí ó bá lè kà á. Mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀: kí ló dé tí ó fi di dandan kí ó jáde? Ọlọ́run ì bá ti sọ iye ọmọ náà fún un lórí ẹní rẹ̀. Etí rẹ̀ kò di. Ohun tí mo rí ni pé gbogbo ohun tí ó wà nínú àgọ́ náà, ti Ábúráhámù ni. Òun ni ó ni ẹní, òun ni ó ni fìtílà, òun ni ó ni àwọn ẹrú, òun náà ni ó sì ni ìbànújẹ́. Ibi yòówù tí ó bá yíjú sí, ara rẹ̀ ni ó ń rí. Nígbà tí ó dé ìta, ó rí ohun tí kò ṣe, tí kò rà, tí kò lè kà, tí kò sì dúró de àṣẹ rẹ̀ kí ó tó tàn. Lẹ́yìn èyí ni a tó kà pé ó gba Olúwa gbọ́.

Ilé tiwa náà kò yàtọ̀ sí àgọ́ yẹn, àfi pé ohun tí ń gbọ́ràn sí wa lẹ́nu nínú rẹ̀ pọ̀ jù ti Ábúráhámù lọ. A tẹ bọ́tìnnì, iná tàn. A tẹ òmíràn, fáànù yí. A fi ìka kan fọwọ́ kan fóònù, ẹni tí ó wà ní London dáhùn. Ẹni tí ó bá ń gbé láti òwúrọ̀ di alẹ́ láàárín àwọn ohun tí ń gbọ́ràn sí i, kò ní pẹ́ kí ó tó máa tẹ àdúrà bí ẹni tẹ bọ́tìnnì, bí iná kò bá sì tàn lójú ẹsẹ̀, á ní Ọlọ́run kò sí nílé. Ṣùgbọ́n ìta kì í gba àṣẹ. Òjò kò bi wá kí ó tó rọ̀, oòrùn kò sì tọrọ àyè lọ́wọ́ wa kí ó tó wọ̀. Bí ẹ̀sìn wa bá ti ń di ẹ̀sìn ara wa, ìta ni a ti tètè ń mọ̀ pé a kò ju báyìí lọ.

Ẹnì kan lè sọ pé bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn apẹja àti àwọn alágbàṣe ni ìbá jẹ́ ẹni mímọ́ jù lọ ní Warri, nítorí nínú oòrùn àti òjò ni wọ́n ń gbé. Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ kí a fi ẹ̀rín kọjá lórí rẹ̀. Inú ìta ni Mósè wà fún ọdún púpọ̀, ó ń da àgùntàn àna rẹ̀. Àgùntàn ni ó ń wò. Ní ọjọ́ tí igbó ń jó tí kò run, ohun tí ìwé Ẹ́kísódù sọ ni pé ó yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ láti wò ó, àti pé nígbà tí Olúwa rí i pé ó yà, nígbà náà ni Ó pè é. Nítorí náà ìta nìkan kò tó. Èèyàn ní láti yà. Ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ ojú omi láti Ogunu dé Escravos lójoojúmọ́ lè má rí odò rárá. Epo ọkọ̀ àti owó èrò ni ó ń rí, ẹ̀bi rẹ̀ kọ́, oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ni.

Àwa Yorùbá ní irú ìtàn Mósè yìí nílé. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí a bí ní ọdún 1904, kò lọ sí orí òkè kankan láti wá ìpè. Ó ń wa ẹ̀rọ tí fi ń tẹ ojú ọ̀nà fún P.W.D., ilé iṣẹ́ ìjọba ìgbà náà, ní ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, nítòsí Ìkéjì-Arákejì, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìjọ tí ó ti inú iṣẹ́ rẹ̀ jáde ti ń sọ ọ́, ẹ̀rọ náà dúró lójijì, ó sì gbọ́ ohùn tí ń pè é kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé ó ti pẹ́ ní ìta. Ó ti rí igbó yẹn, ó ti jẹ eruku ọ̀nà yẹn sínú. Ẹ̀rọ ní láti dákẹ́ kí ohùn tó wọlé sí i. Lónìí, àwọn ènìyàn wa ń rìnrìn àjò lọ síbẹ̀, yunifásítì tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sì ti wà ní ìlú náà láti ọdún 2006. Ṣùgbọ́n ibi tí òun ti gbọ́ ìpè, ẹ̀bá ọ̀nà ni, ibi iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ ni.

Samuel Bilewu Oschoffa, ọmọ Porto-Novo, náà kò wá aginjù fún àdúrà. Káfíńtà tí ó ti di oníṣòwò igi ni, igi tí yóò tà ni ó wá lọ sínú igbó etí omi ní ọdún 1947. Oṣù karùn-ún ọdún náà ni oòrùn ṣókùnkùn ní ọ̀sán ní apá tiwa ní Áfíríkà yìí, òun sì wà nínú igbó. Ìjọ rẹ̀ ń sọ pé fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni ó fi wà níbẹ̀ tí kò mọ ọ̀nà ilé. A lè má gba gbogbo ẹ̀kọ́ ìjọ tí ó dá sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, àwọn kan nínú wa kò sì gbà á. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí ni bí ọ̀nà ṣe dí mọ́ oníṣòwò, tí igi tí ó wá rà kò sì jámọ́ nǹkan mọ́, kí ó tó di oníwàásù.

Àwọn ọkùnrin méjèèjì yìí kò sì fìdí kalẹ̀ sínú igbó. Ní ọdún 1930, Babalọlá wà ní Òkè-Ooye ní Iléṣà láàárín ogunlọ́gọ̀ ènìyàn, àwọn aláìsàn àti àwọn tí ìbẹ̀rù ti pa. Lóòótọ́ ó fẹ́ràn òkè àdúrà títí ó fi sùn nínú Olúwa ní 1959, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ̀ kalẹ̀. Màákù orí kìíní náà sọ fún wa pé Jésù jáde lọ sí ibi tí kò sí ènìyàn kí ilẹ̀ tó mọ́, nígbà tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn sì wá A dé ibẹ̀, kò ní kí wọ́n jẹ́ kí Òun sinmi. Ó dìde, Ó sì lọ sí àwọn ìlú tí ó wà nítòsí.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ẹjọ́ àwọn àgbà wa, nítorí kì í ṣe ẹjọ́ òmùgọ̀. Àwọn baba wa ti mọ òkè àti odò kí ìwé tó dé. Wọ́n bọ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, wọ́n bọ Olúmọ ní Abẹ́òkúta, wọ́n bọ Òkè'bàdàn. Àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ jìyà púpọ̀ kí wọ́n tó lè yí ojú kúrò níbẹ̀. Kí ló wá dé tí àwọn ọmọ wọn fi ń padà sí ìdí àpáta? Mo gbà pé ewu yìí wà. Mo ti rí ẹni tí ó di iyanrìn orí òkè sínú ọ̀rá bọ̀ wá sí Warri, tí ó wọ́n ọn sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kí ni ó fi yàtọ̀ sí ohun tí ìyá rẹ̀ àgbà ń ṣe? Jóòbù, nígbà tí ó ń ka àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tí òun kò dá, ní orí kọkànlélọ́gbọ̀n, dárúkọ ẹni tí ó wo oòrùn tàbí òṣùpá tí ń ràn, tí ọkàn rẹ̀ sì fà sí i ní ìkọ̀kọ̀. Ó mọ̀ pé ẹwà náà lágbára. Ṣùgbọ́n Jóòbù kò ti fèrèsé rẹ̀ pa nítorí èyí. Ẹni tí ó bá sọ pé kí a má wo odò nítorí pé àwọn kan ti bọ odò rí, ó dà bí ẹni tí ó ní kí a má jẹ obì mọ́ nítorí pé babaláwo ń fi í ṣe ẹbọ.

Ẹjọ́ kejì ti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa tí ó kàwé wá. Wọ́n ní àlàáfíà tí a ń rí ní ìta kì í ṣe ti Ẹ̀mí Mímọ́, ti ara ni. Wọ́n sì ní ẹ̀rí. Ní ọdún 1984, ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Roger Ulrich kọ̀wé lórí àwọn aláìsàn tí a ṣe iṣẹ́ abẹ àpò òróòro fún ní ilé ìwòsàn kan ní Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Fèrèsé àwọn mẹ́tàlélógún kọjú sí igi, ti àwọn mẹ́tàlélógún mìíràn kọjú sí ògiri bíríkì. Àwọn tí ń wo igi tètè lọ sílé, wọn kò sì lo oògùn ìrora líle tó àwọn yòókù. Kò sí ibi tí a ti bi wọ́n bóyá wọ́n gba Kristi gbọ́ tàbí wọn kò gbà á gbọ́.

Èmi gbà á bẹ́ẹ̀, kò sì bà mí lẹ́rù. Ọlọ́run ń rọ òjò sórí olóòótọ́ àti aláìṣòótọ́; kí ló dé tí Kò fi ní jẹ́ kí igi tu àwọn méjèèjì lára? Ibi tí àṣìṣe wà ni kí a pe ìtura yẹn ní ìgbàgbọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ lábẹ́ igi ti gba ẹ̀bùn. Bí ó bá dìde tí ó lọ láìbéèrè ẹni tí ó fún un, ẹ̀bùn ni ó mọ̀, kò mọ Olùfúnni. Ìgbàgbọ́ bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọpẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ọpẹ́ ní láti ní ẹni tí a ń dá a fún. Mo sì rò pé èyí ni ó mú kí ó ṣòro fún aláìgbàgbọ́ láti wo oòrùn tí ń wọ̀ lórí odò Warri láìsọ ohun kan. Ẹnu rẹ̀ ń wá ẹni tí yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ohun tútù nìkan ni a ń bá pàdé ní ìta. Ẹ̀fọn wà níbẹ̀, ejò wà níbẹ̀. Àwa tí a rí àgbàrá omi ọdún 2012, tí ó lé àwọn ènìyàn kúrò nínú ilé wọn ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú etí odò ní Delta, mọ̀ pé odò kì í ṣe àwòrán orí kàlẹ́ńdà. Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther, kí ó tó di bíṣọ́ọ̀bù, wà nínú ọkọ̀ Dayspring tí àpáta fọ́ ní Odò Ọya nítòsí Jẹ́bà ní oṣù kẹwàá ọdún 1857. Etí odò ni wọ́n pàgọ́ sí. Nígbà tí Ọlọ́run wá dá Jóòbù lóhùn nígbẹ̀yìn, kò mú un lọ sí ọgbà òdòdó. Ó fi kìnnìún tí ń wá ẹran hàn án, àti ọmọ ẹyẹ ìwò tí ebi ń pa, àti ẹranko inú omi tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ìwọ̀ mú. Kò ṣàlàyé ìyà Jóòbù fún un rárá. Síbẹ̀ Jóòbù dákẹ́, ẹni tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta kò lè pa lẹ́nu mọ́. Mo fẹ́ kí àwọn tí ń wá orí òkè nítorí kí ìṣòro wọn lè yanjú ní ọjọ́ mẹ́ta kíyè sí èyí.

Wàyí o, òkè kò sí ní Ogunu. Ilẹ̀ wa tẹ́ bí àwo. Àwọn kan ti fi ọgbọ́n yanjú èyí: wọ́n yí ọgbà ká ilẹ̀ pẹrẹsẹ, wọ́n gbé gbohùngbohùn mẹ́rin sí i, wọ́n sì kọ orí òkè sí ara géètì rẹ̀. Ìyẹn kò burú bí orúkọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé gbohùngbohùn dání kò tíì jáde kúrò nílé. Ó kàn gbé ilé rẹ̀ jáde ni. Èlíjà dúró ní Hórébù, ẹ̀fúùfù ńlá kọjá, ilẹ̀ mì, iná jó, kì í ṣe inú ọ̀kankan nínú wọn ni Olúwa wà. Ohùn kékeré ni ó dé lẹ́yìn wọn. Bí jẹnẹrétọ̀ bá wà ní Hórébù ọjọ́ náà, èmi kò mọ bí Èlíjà ìbá ti gbọ́.

Àmọ́ a ní odò. Omi rẹ̀ ń kún, ó sì ń fà ní ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ kan, nítorí òkun ń tì í, òṣùpá sì ń fa òkun. Lójoojúmọ́ ni ó ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú àádọ́ta pẹ́ sí i ju ti àná lọ. Aago yìí kò dúró nígbà tí ìjà Warri gbóná ní 1997, ní 1999 àti ní 2003, tí a kò lè yọ orí síta. Bí ọkọ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ odò, a ó dé àárín àwọn igi àbàtà tí òyìnbó ń pè ní mangrove, tí gbòǹgbò wọn yọ sókè bí ẹsẹ̀ akàn. Orílẹ̀-èdè yìí ni ó ní èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wọn ní gbogbo Áfíríkà. Èso igi náà kì í já kí ó tó hù. Lára ìyá rẹ̀ ni ó ti ń hù, tí ó ń gùn bí pẹ́ńsù, kí ó tó já bọ́ sínú ẹrẹ̀ tàbí kí omi gbé e lọ jìnnà láti fìdí múlẹ̀ níbòmíràn. Àwa tí a ti Ìjẹ̀ṣà àti Ọ̀yọ́ àti Èkìtì wá síhìn-ín pẹ̀lú ìgbàgbọ́ tí ó ti hù lára ìyá wa, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún máa ṣàlàyé igi yẹn fún wa. Lórí ẹrẹ̀ ìdí rẹ̀, ẹja kékeré kan wà tí ń fi lẹbẹ rìn ní gbẹ àbàtà bí alángbá. Mo mọ àwọn ọmọ tí a bí sí Warri, tí wọ́n ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí wọn kò tíì rí i rí. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, wọn kò sì nílò láti rìn jìnnà.

Ìràwọ̀ Ábúráhámù ńkọ́? Ó ṣòro láti rí níhìn-ín, nítorí iná gáàsì tí ń jó lóru ní ibi púpọ̀ ní Delta ti sọ ojú ọ̀run di pupa. Epo wà lórí omi pẹ̀lú. Ní ọdún 2011, àjọ àgbáyé tí ń bójú tó àyíká sọ nínú ìròyìn rẹ̀ lórí ilẹ̀ Ogoni, ní ìpínlẹ̀ Rivers, pé fífọ ibẹ̀ mọ́ lè gbà tó ọdún márùndínlọ́gbọ̀n sí ọgbọ̀n. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń jẹun lára epo náà, èmi kò sì yọ ara mi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gbà pé àwọn ọ̀run ń sọ̀rọ̀ ògo Ọlọ́run, ìbàjẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọba àti ilé iṣẹ́ nìkan. Ẹni tí ó ya ojú ìwé kúrò nínú Bíbélì ìjọ, a ó pè é síwájú àwọn alàgbà.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó lè lọ sí Ìkéjì lọ, pẹ̀lú ìmọ̀ràn aya tàbí ọkọ rẹ̀, kí ó má ṣe yá owó lọ. Ẹni tí kò lè lọ, kí ó wá wákàtí kan ní òwúrọ̀ Sátidé, kí ó pa fóònù, kí ó rìn lọ sí etí omi pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, kí ó jókòó títí yóò fi rí i pé omi ti kúrò níbi tí ó wà nígbà tí wọ́n dé. Kí ó má sọ pé òun ní láti gbàdúrà gígùn.

Ó ku àwọn aláìsàn wa àti àwọn àgbà tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́, tí a máa ń bẹ̀ wò ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi. Inú yàrá ni a máa ń bá wọn, kọ́tìnnì á wà nílẹ̀, àwa mẹ́fà á dúró yí ibùsùn ká, a ó sì gba gbogbo afẹ́fẹ́ tí ó kù. Èmi bẹ àwọn olùbẹ̀wò pé kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè bóyá ara wọn lè gbà á, kí ẹni méjì sì gbé àga síta sí abẹ́ igi fúrúútù tí ó wà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbàlá wa, kí a gbé ìyá tàbí bàbá náà jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí a tó ṣí ìwé.